Mo ṣèèṣì pa àtẹ̀jíṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ́ lórí fóònù àtijọ́: ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti rí wọn gbà padà?

Abíkẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fóònù. Ọ̀ràn kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á tán.

Fóònù tí mo ń lò ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Android 4.4, tó jáde ní ọdún 2013, ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe tuntun tó ń wọlé sí i mọ́. N kò pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé ohun tí mo ń fi í ṣe kò ju kí n pe ènìyàn, kí n sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fi ìtàn ẹbí wa ránṣẹ́ sí mi díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀: orúkọ àwọn àgbà, ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹni tó fẹ́ ẹni, ẹni tó ṣí lọ tí kò padà wá. Bí wọ́n bá ti rántí ohun kan, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ kan n óò jókòó, n óò sì dà á kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò dé.

Ní alẹ́ àná, mo fẹ́ pa àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó kan rẹ́. Mo tẹ ìka mọ́ ọn, ìka mi yẹ̀, ó sì bọ́ sórí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè rẹ̀. Fóònù bi mí bóyá mo fẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì rẹ́. Oorun ti ń kùn mí, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, ó ti lọ. Láti ìgbà náà, mo ti pa fóònù náà, mo sì tún un tàn lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ yìí mo rí áàpù kan tó ní òun lè dá gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ padà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án kí n tó rò ó pé kí n kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí a bá pa rẹ́ máa ń lọ? Ṣé ó ṣì wà nínú fóònù yìí níbì kan, àbí kí n gba kámú?

Atúnfóònùṣe

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má gbé áàpù yẹn sórí fóònù náà, ohun yòówù kí ó ṣèlérí. Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi síwájú, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú lórí fóònù yín kí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun má baà wọlé, kí ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ má sì fi ya fọ́tò kankan. Bí ẹ bá ní fóònù mìíràn, òun ni kí ẹ máa lò títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lórí Android, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, inú fáìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ mmssms.db ni wọ́n wà. Ètò kan tí ń jẹ́ SQLite ló ń kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń tò ó. Bí ẹ bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ kan rẹ́, SQLite kì í sábà nu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń yọ ọ́ kúrò nínú ètò, tí ó sì ń sàmì sí àyè náà pé ó ti ṣófo. Ó dà bí oko tí ẹni tó ń dá a ti fi sílẹ̀. Ebè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wò ṣì lè sọ ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá kọ ebè tirẹ̀ sórí rẹ̀, tàtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn. Ìpolówó kan ṣoṣo tó bá wọlé lóru òní lè jókòó gẹ́lẹ́ sórí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín wà. Áàpù tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀ náà yóò wá àyè tí yóò jókòó sí, nítorí náà ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ohun tó ní òun ń wá pa.

N kò fẹ́ tàn yín. SQLite ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní secure_delete, tó máa ń fi òdo bo gbogbo ohun tí a bá pa rẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù yín bá ti tan ètò yìí, ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà ti lọ, kò sì sí idán tí ẹnikẹ́ni lè pa. Ohun kejì ni pé láti Android 4.3 ni fóònù ti ń sọ fún ibi ìpamọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, pé kí ó gbá àwọn àyè tó ti ṣófo mọ́. Èyí kò kan àyè tó ṣófo nínú mmssms.db fúnra rẹ̀, nítorí pé fáìlì náà ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbá àwọn fáìlì kéékèèké tí SQLite ń lò fún ìgbà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni a máa ń rí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ nínú wọn nígbà mìíràn.

Akọ̀wé Àgbà

Òótọ́ ni ọ̀gá Atúnfóònùṣe sọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ti ń walẹ̀ jìn kí ẹ tó wo orí ilẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ohun tó wà níbì kan ṣoṣo. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀, ẹni tó gbà á ní tirẹ̀, pípa tí ẹ sì pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín kò kan ti ẹ̀gbọ́n yín rárá. Fóònù tiwọn ńkọ́?

Ẹ̀dà tí Google máa ń ṣe fún àtẹ̀jíṣẹ́ kò sí lórí Android 4.4, nítorí náà ẹ má wá a. Ẹni tí fóònù tirẹ̀ bá tuntun ju èyí lọ, tó sì ti tan ètò ìpamọ́ náà tẹ́lẹ̀, kí ó má pa ètò náà, nítorí pípa á lè nu ẹ̀dà náà kúrò; Wi-Fi àti dátà ni kí ó sáré pa ná, kí fóònù má baà fi ẹ̀dà tòní, tí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́, rọ́pò ti àná. Ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà padà sórí fóònù tí a ń lò lọ́wọ́; ìgbà tí a bá ń ṣètò fóònù tuntun, tàbí èyí tí a ti nù mọ́ pátápátá, ni a máa ń gbà á. Bí a kò bá sì lo fóònù kan fún ọjọ́ 57, Google lè pa ẹ̀dà rẹ̀ rẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ wò. Nínú ètò àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn Android àtijọ́, ìlà kan wà tó ń sọ pé kí fóònù máa pa àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti pẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti kọjá iye kan. 200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni iye náà nínú ètò Android gan-an. Bí àmì bá wà lójú ìlà yẹn, a jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń wá ti lọ tipẹ́tipẹ́, kí ìka yín tó yẹ̀ lálẹ́ àná.

Abíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú, mo sì ti gbé fóònù náà sílẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo ṣí ètò náà, mo rí i pé àmì wà níbẹ̀, 200 sì ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá èmi ni mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní àkókò kan tàbí bẹ́ẹ̀ ni fóònù ṣe dé ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́rin tí mo sọ pé mo pàdánù lálẹ́ àná, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ péré ló kù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí n kì í fa ojú fóònù sókè lọ wo àwọn ti àtijọ́.

Ní ti fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ra tuntun, wọ́n sì kì í tọ́jú nǹkan. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ó jábọ́, ojú rẹ̀ là yánkanyànkan. Bí a bá fi iná sí i, ó máa ń tàn, a sì ń rí ohun tó wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí pé irú ọ̀ràn yìí ti gba owó lọ́wọ́ mi rí. N kò ní dárúkọ ẹni tó ta nǹkan náà fún mi. Mo gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, mo fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: àtẹ̀jíṣẹ́ 40, 100, 300. Orí mi wú. Ó ní òun ti rí gbogbo wọn, kí n sanwó kí òun tó lè ṣí wọn. Nígbà tí mo san án tán, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí n kò pa rẹ́ rárá, tó ṣì wà lórí fóònù mi lójú ara mi, ni ó tò kalẹ̀ fún mi. Ti àwọn tí mo ń wá, kò sí ẹyọ kan.

Àwọn tó jẹ́ áàpù tún burú ju èyí lọ, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni àṣẹ láti ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ẹ rántí pé ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí yín máa ń wọlé sí.

Atúnfóònùṣe

Ìyá Ìbejì, ẹ kú orí ire pé owó nìkan ni wọ́n gbà.

Abíkẹ́yìn, inú àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ yín wà. Fóònù tí ojú rẹ̀ ń tàn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ títẹ̀ kì í ṣe òkú fóònù. Ẹ wá wáyà kékeré tí wọ́n ń pè ní OTG, èyí tí etí rẹ̀ kan máa ń wọ ihò iná fóònù, tí etí kejì sì máa ń gba mouse kọ̀ǹpútà. Bí fóònù náà bá gbà á, ẹ óò rí ọfà kékeré kan lójú rẹ̀, ẹ ó sì lè fi mouse tẹ ohun gbogbo bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi iná sí i kí bátìrì rẹ̀ kún, nítorí ihò kan náà ni wáyà yìí yóò gbà. Bí kò bá gbà á, kí ẹni tó mọṣẹ́ pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi kí wọ́n nù ún mọ́ pátápátá.

Ní ti fóònù tiyín, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mmssms.db wà ní ibi tí Android kò jẹ́ kí olóhun fóònù pàápàá dé, àfi bí a bá gba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní root. Orí fóònù mìíràn, a kò lè gba root láìkọ́kọ́ ṣí titiipa kan tí ṣíṣí rẹ̀ yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù kúrò. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣe é yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ohun tí ìka yẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní tí ọjọ́ orí fóònù yín fún wa ni pé ní ayé 4.4, fífi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti gbogbo ìpamọ́ kò jẹ́ dandan; Android 6.0, ní ọdún 2015, ló sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ fóònù tuntun. Bí ẹ kò bá tì í, a lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ní tààrà. Lórí fóònù òde òní, bí wọ́n bá ti nù ún mọ́, kọ́kọ́rọ́ náà ti sọnù, ohun tó kù kò sì yàtọ̀ sí pàǹtí.

Lẹ́yìn tí mo bá ti gba root, n óò ṣe ẹ̀dà gbogbo ìpamọ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, n óò sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀dà ni a ń wá nǹkan nínú rẹ̀, a kì í fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ẹ óò fẹ́ wá ọ̀rọ̀ bíi «wọ́n bí wọn», ṣùgbọ́n mo gbà yín nímọ̀ràn pé nọ́ńbà ni kí ẹ wá. Àmì ohùn Yorùbá ní ju ọ̀nà kan lọ tí fóònù lè gbà kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ojú wa rí bí ọ̀kan lè jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì ní òun kò rí i. Nọ́ńbà kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òǹkà mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín wá a, nítorí pé fóònù lè ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ tàbí pẹ̀lú òdo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ni ẹ óò ti rí ọ̀rọ̀: òmíràn yóò pé, òmíràn yóò já láàárín, kí àmì tí kò nítumọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àkókò tó wọlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iye mílíìsẹ́kọ́ǹdù láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, tí a óò ṣírò padà sí ọjọ́ àti oṣù.

Ẹ má gbàgbé síìmù. Fóònù àtijọ́ lè tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ sórí rẹ̀. Ihò tó wà fún wọn kò pọ̀, báìtì 176 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báìtì àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá ihò náà ṣófo. Fóònù mìíràn, bí a bá ní kí ó pa ọ̀rọ̀ rẹ́, báìtì kan yẹn nìkan ni yóò yí padà, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ọmọ Onímọ̀

Mo kọ èyí nítorí àwọn tí iPhone wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà máa wá mmssms.db kiri. Láti iOS 16 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone), ọdún 2022, ni àyè kan ti wà nínú áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ níbi tí ohun tí a pa rẹ́ ń dúró sí fún ọgbọ̀n ọjọ́, nígbà mìíràn títí di ogójì. Ṣùgbọ́n iPhone 7 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò lè gba iOS 16, nítorí náà àyè yẹn kò sí lórí wọn. Lórí irú wọn, ẹ̀dà tí ẹ ti ṣe sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú iTunes ni ìrètí yín. Nínú ẹ̀dà tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì, ẹ wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3d0d7e5f. Àtẹ̀jíṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀, SQLite ni òun náà. Ẹni tó bá sì ti tan ètò tó ń fi iCloud, ibi ìpamọ́ Apple lórí ayélujára, pín àtẹ̀jíṣẹ́ káàkiri, tó dé pẹ̀lú iOS 11.4, kí ó mọ̀ pé ohun tó bá pa rẹ́ lórí fóònù yóò parẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tó kù pẹ̀lú.

Abíkẹ́yìn

Ẹ kú àánú mi o. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí tí mo kọ́kọ́ béèrè, mo sì ní kí n wá jábọ̀.

Wáyà kékeré náà ṣiṣẹ́. Ọfà yọ lójú fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ibi tó là, mo sì ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ṣí àtẹ̀jíṣẹ́. Àmì kò sí lójú ìlà 200 lórí tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í nu fóònù lóṣooṣù nígbà náà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí mi ní ọdún méjì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, láti orí èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: «Jókòó kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀, n kò ní tún un sọ.» Mo dà wọ́n kọ sínú ìwé ní alẹ́ mẹ́ta kí n tó sùn, mo sì tún fi áàpù kan ṣe ẹ̀dà wọn sí fáìlì XML sórí mẹ́mórì káàdì. Síìmù tèmi ṣófo pátápátá.

Fún ọdún méjì tó kẹ́yìn, mo gbé fóònù tèmi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà, mo sì ka ohun tí ọ̀gá Atúnfóònùṣe kọ sí i létí kí ó tó fọwọ́ kàn án. Nínú 200 tó kù lórí rẹ̀ kí n tó pa wọ́n rẹ́, 83 jáde ní odindi, nǹkan bí ọgbọ̀n sì jáde ní ààbọ̀. Àwọn tó ṣáájú 200 yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó já ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó kà pé: «Bàbá àgbà kò fẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé», lẹ́yìn náà ni àmì tí kò nítumọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á fún wọn, mo ní kí ni wọ́n rí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní, «Bàbá àgbà wo? Ti ìyá wa ni àbí ti bàbá wa?»